Ara mi máa ń gbọ̀n lẹ́yìn oúnjẹ: ta ló mọ̀ nípa ṣúgà tó ń já wálẹ̀?

Aránṣọ_Mọ́kọlá | Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, aṣọ ni mò ń rán ní Mọ́kọlá, n'Ìbàdàn. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí nǹkan kan ti ń ṣe mí tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo lè jí láàárọ̀ kí ara mi dá ṣáṣá. Màá mu ògì gbígbóná, màá fi ṣúgà sí i dáadáa, màá gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Tó bá ti ń di aago mọ́kànlá, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n débi pé n kò ní lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Òógùn á bò mí, àyà mi á máa lù kì-kì-kì, ebi á sì máa pa mí bí ẹni tí kò jẹun láti àná. Tí mo bá ti mu mínírà kan, kò ní pẹ́ tí ara á fi balẹ̀. Àmọ́ bí wákàtí méjì, mẹ́ta bá kọjá, ó tún dé nìyẹn. Ọ̀sán ló máa ń le jù, pàápàá tí mo bá jẹ ẹ̀bà tó pọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú takisí máíkírà ló ti ká mi mọ́, láàárín Sángo sí Mọ́kọlá. Ojú mi ṣú, n kò mọ ìgbà tí a kọjá ibi tí mo fẹ́ bọ́ sí. Ìyá kan tó jókòó tì mí ló gba bisikíìtì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó fi sí mi lẹ́nu. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Mo ti lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n kọ́kọ́ ní ibà ni, wọ́n fún mi lóògùn. Nígbà tí mo padà lọ, wọ́n yẹ ṣúgà mi wò láàárọ̀ nígbà tí n kò tíì jẹun. Ó jẹ́ 94, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, kí n lọ sinmi. Màámi ní tiwọn ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n ti bá wòlíì kan sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi ló wá sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣúgà ara mi ló ń já wálẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Ṣé irú ẹ̀ wà lóòótọ́? Báwo ni èèyàn ṣe máa jẹun yó tí oúnjẹ náà á tún wá dá ebi sí i lára?

Ọmọ_Ọ̀jẹ́ | Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tó bá jẹ́ ṣúgà ló ń lọ sílẹ̀, ẹ ra gúlúkóòsì oníyẹ̀fun ní kẹ́míìsì, kí ẹ máa pò ó mu láràárọ̀. Ohun tí a máa ń fún bàbá wa nìyẹn tí ó bá ti rẹ̀ wọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Agodi | Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Àbúrò mi aránṣọ, ẹ kú ìrora. Mo ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì. N kì í ṣe dókítà, n kò sì rí yín lójú, torí náà, tí dókítà yín bá sọ ohun tó yàtọ̀ sí tèmi, tiwọn ni kí ẹ gbà. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀ wà. Ẹni tó sọ ọ́ fún yín kò purọ́.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí èèyàn bá jẹ ohun tó tètè ń di ṣúgà nínú ara, bí ògì oníṣúgà, búrẹ́dì funfun, mínírà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á sáré gòkè. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn ikùn tí wọ́n ń pè ní pancreas. Òun ló ń tú ínsúlínì jáde, ínsúlínì yìí ló sì ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú iṣan àti ẹran ara. Lára àwọn kan, ínsúlínì máa ń pẹ́ dé, tó bá wá dé, á pọ̀ ju iṣẹ́ tó bá nílẹ̀ lọ. Oúnjẹ ti kúrò nínú ikùn, ínsúlínì kò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́, ni ṣúgà á bá lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Wákàtí méjì sí márùn-ún lẹ́yìn oúnjẹ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Nígbà náà ni ara á tú adrenaline jáde kó lè fa ṣúgà sókè padà. Adrenaline yẹn ló ń gbọn ọwọ́ yín, òun ló ń lé àyà yín, òun ló ń fa òógùn.

Ẹ wá rí i pé 94 tí wọ́n rí láàárọ̀ kò lè sọ nǹkan kan nípa aago mọ́kànlá. Ìgbà tí kò ṣe yín ni wọ́n yẹ̀ yín wò. Láti bí àwọn ọdún 1930 ni oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà kan, Allen Whipple, ti fi ìlànà kan lélẹ̀ tí àwọn dókítà ṣì ń lò dòní: kí àmì àìsàn náà wà, kí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní àkókò náà gan-an fi hàn pé ṣúgà lọ sílẹ̀, kí ara sì balẹ̀ tí ṣúgà bá padà gòkè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ pé. Èkíní àti ẹ̀kẹta ni ẹ ti sọ fún wa. Èkejì ló kù. Fún ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, tó bá wà lábẹ́ 55 mg/dL (ilé àyẹ̀wò mìíràn á kọ ọ́ sí 3.0 mmol/L), ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀ nìyẹn.

Torí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́: ẹ wá kẹ́míìsì tó súnmọ́ ṣọ́ọ̀bù yín tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ṣúgà. Ọjọ́ tó bá tún gbé e dé, kí ẹnì kan mú yín lọ kíá, kí wọ́n gún ìka yín, *kí ẹ tó* mu ohunkóhun. Kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, àti ohun tí ẹ jẹ, àti aago tí ẹ jẹ ẹ́. Tí ojú bá ti ń ṣú, tàbí tí kẹ́míìsì bá jìnnà, ẹ má dúró de àyẹ̀wò o. Ẹ kọ́kọ́ fi nǹkan sẹ́nu.

Ọmọ_Ọ̀jẹ́, mo mọ̀ pé inú rere lo fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gúlúkóòsì láràárọ̀ á tún tì í gòkè ni, á sì tún sọ ọ́ sílẹ̀ lágogo mọ́kànlá. Ìgbà tó bá ti já wálẹ̀ nìkan ni ṣúgà wúlò, ìwọ̀nba sì ni: kóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí mínírà tí kò tó ìdajì ìgò. Ìyẹn tó gíráàmù 15. Kí ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Bí ara kò bá tíì balẹ̀, kí ẹ tún lo ìwọ̀n kan náà. Tó bá ti balẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀pà tàbí ẹyin tàbí mọ́ínmọ́ín tẹ̀lé e, torí ṣúgà lásán kò ní pẹ́ tán. Àbúrò, ìgò mínírà odidi tí ẹ ń mu yẹn, òun ló ń gbà yín lọ́wọ́ ti àárọ̀, òun náà ló ń pe ti ọ̀sán wá.

Ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá: tó bá ń ṣe yín kí ẹ tó jẹun, ní ìdájí tàbí lóru, tí ẹ bá dákú, tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ yín lẹ́nu, tàbí tí ẹ bá ń rù láìnídìí. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ mọ́. Ṣé ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn rí? Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan? Ní ilé tí àgbàlagbà bá ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹlòmíràn lè ṣèèṣì gbé e mì. Kwiniini fún ibà náà lè fa ṣúgà wálẹ̀.

Aránṣọ_Mọ́kọlá | Ọjọ́ Ajé, 10:48 alẹ́

Màámi nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an. N kò ṣe iṣẹ́ abẹ rí, n kò lo oògùn kankan yàtọ̀ sí ti ibà tí mo sọ. Kì í ṣe mí lóru. Ẹ̀yìn oúnjẹ ni, ẹ̀yìn oúnjẹ ṣáá ni. Mo sunkún nígbà tí mo kà á pé kì í ṣe orí mi ló ń dàrú.

Ewé_Ńjẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ gbo ewúro, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ mu láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje. Kò sí àìsàn ṣúgà tí ewúro kò lè ṣẹ́gun.

Nọ́ọ̀sì_Agodi | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40 àárọ̀

Ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá ga ni wọ́n máa ń dá omi ewúro fún kí ó lè *wálẹ̀*. Tẹni yìí ti ń wálẹ̀ jù. Ewúro inú ọbẹ̀ kò burú rárá, kí wọ́n jẹ ẹ́. Omi rẹ̀ tí wọ́n sẹ́ ní ife kan lórí inú tó ṣófo ni mo ń kọ̀.

Bákan náà ni àgbo inú ọtí tí wọ́n ń tà ní gbogbo gáréèjì wa. Ọtí máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti ṣe ṣúgà tuntun fún ara. Ẹni tó bá mu páráagà láìjẹun, ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí wọ́n á fi rò pé ọtí ló ń pa á, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó sùn. Mo ti rí i rí lẹ́nu iṣẹ́, n kò fẹ́ rí i mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní igi iṣin nílé náà, ẹ rántí ohun tí àwọn àgbà wa kọ́ wa, pé iṣin tí kò bá la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi, a kì í jẹ ẹ́. Oró kan wà nínú èyí tí kò tíì gbó, hypoglycin lorúkọ rẹ̀, tó ń fa ṣúgà ọmọdé wálẹ̀ lójijì tó sì ń pa wọ́n. Ó yàtọ̀ sí ohun tí à ń sọ níbí, àmọ́ n kò lè dárúkọ ṣúgà tó ń já kí n má sọ ọ́.

Tíṣà_Àpátá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé dé ni mo rí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì jókòó láti kọ ọ́ dáadáa torí ohun tó ṣe mí fún ọdún kan àbọ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí. Èmi ti máa ń gbọ̀n níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á rò pé inú ló ń bí mi.

Nígbà tí wọ́n yẹ̀ mí wò tán, ṣúgà mi jẹ́ 49 ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn àmàlà. Wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò HbA1c tó ń sọ bí ṣúgà ti rí fún bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní 6.1. Àárín 5.7 sí 6.4, èèyàn ti ń rìn lọ sí ọ̀nà àtọ̀gbẹ nìyẹn, kò tíì débẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Báwo ni ṣúgà ṣe máa ń lọ sílẹ̀ lára ẹni tó fẹ́ ní àtọ̀gbẹ? Dókítà ní ara mi ti ń kọ etí ikún sí ínsúlínì, èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ jáde ti ń pẹ́, èyí tó wá ń tẹ̀lé e á wá pọ̀ jù. Wọ́n ní tí mo bá gbọ́ ìkìlọ̀ ara mi, ó lè má dé ibẹ̀ rárá. Wọn kò fún mi lóògùn. Oúnjẹ ni wọ́n ní kí n lọ tún ṣe.

Mo wá fẹ́ sọ bí a ti tún un ṣe, torí ìwé tí wọ́n fún mi kún fún oúnjẹ òyìnbó tí n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Àmàlà ni oúnjẹ mi, èmi ọmọ Ìbàdàn. Ìgbákọ márùn-ún ni mo máa ń jẹ, pẹ̀lú ewédú àti gbẹ̀gìrì díẹ̀, ẹran méjì lórí ẹ̀. A dá a padà sí ìgbákọ méjì. Gbẹ̀gìrì wá di púpọ̀, torí ẹ̀wà ni, kì í tètè di ṣúgà bíi ti èlùbọ́. Ẹja wá, ẹ̀fọ́ rírò wá sí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Ìyẹn rọrùn. Èyí tó nira ni ètò bí n ó ṣe máa jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja, kí òkèlè wá gbẹ̀yìn, torí tí ẹ̀fọ́ àti ẹja bá ti ṣáájú, ikùn kì í tètè tú òkèlè sílẹ̀, ṣúgà rẹ̀ á máa wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ nawọ́ sí ẹran, wọ̀bìà ni. Màámi gbá mi lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá: òkèlè làkọ́kọ́, ẹran ló ń kẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jẹ ẹja tán níwájú ìyàwó mi kí n tó fọwọ́ kan àmàlà, ojú tì mí bí ẹni tó ń jalè. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, àmọ́ ọmọ wa obìnrin béèrè pé, "Dádì, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹran ló ń kẹ́yìn ni?" Mo ní kó jókòó, mo ṣàlàyé fún un. Láti ọjọ́ yẹn, ilé wa ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́. Ojú kì í tì wá mọ́.

Lẹ́yìn náà, n kò jẹ́ kí ebi pa mí ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Agogo iléèwé ni mo fi ń ṣọ́ ọ: aago méje, aago mẹ́wàá, aago kan, aago mẹ́rin, aago méje alẹ́. Ti aago mẹ́wàá àti ti mẹ́rin kì í ṣe oúnjẹ gidi. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, tàbí ẹyin sísè kan, tàbí awùsá lásìkò rẹ̀, tàbí wàrà tí àwọn Fúlàní ń gbé kiri. Tí mo bá sì jẹun ọ̀sán tán, mo máa ń rìn yí pápá iléèwé ká fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iṣan ẹsẹ̀ á ti lo lára ṣúgà náà kó tó gòkè jù.

Alákàrà_Bódìjà | Ọjọ́ Rú, 5:10 ìdájí

Ẹ káàárọ̀ o. Mò ń dá iná lọ́wọ́ ni mo fi ń kọ ọ́. Ti ògì yẹn ni mo fẹ́ sọ. Àwọn oníbàárà mi tó ń ra ògì nìkan, tí wọ́n á da ṣúgà lé e bí iyanrìn, wákàtí méjì ni wọ́n fi ń padà wá ra búrẹ́dì. Àwọn tó ń jẹ ẹ̀kọ tútù kan pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ńlá, n kì í rí wọn títí di ọ̀sán.

Àǹtí aránṣọ, ẹ fi ògì mímu sílẹ̀ ná. Ẹ̀kọ tútù inú ewé kan, kó má jù bẹ́ẹ̀, mọ́ínmọ́ín méjì tàbí ẹ̀kuru. Tó bá jẹ́ ògì lọkàn yín fẹ́, ẹ mu ún ní ìwọ̀nba, láìní ṣúgà, kí àkàrà mẹ́rin, márùn-ún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ àkàrà yẹn *kí ẹ tó* mu ògì.

Ẹ̀wà ti wọ́n, mo mọ̀, èmi ló ń rà á. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká ẹ̀wà olóyin, kó wo òtílí, kó wo sóyà. Àwa tí a ti ń lọ sóyà mọ́ ògì tipẹ́ mọ̀ pé ó ń gbéni dúró.

Nọ́ọ̀sì_Agodi | Ọjọ́ Rú, 8:15 àárọ̀

Ìyá alákàrà ti sọ òótọ́ láìṣí ẹ̀rọ àyẹ̀wò lọ́wọ́. Kí n fi ìdí kan tì í: ẹ̀kọ tó bá ti tutù tó dì, lára ṣítáàṣì rẹ̀ máa ń yí padà di irú èyí tí ikùn kì í tètè lọ̀. Kò sọ ẹ̀kọ di ẹ̀wà o, àmọ́ ó sàn ju èyí tó ń hó lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì tan ara rẹ̀ pé wíìtì tàbí èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣeé jẹ ní àjẹkún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú dára ju èyí tó ti pọ́n lọ, ó dá mi lójú, ṣùgbọ́n òkè àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì jẹ́ òkè àmàlà.

Ìyàwó_Mọ́lété | Ọjọ́ Rú, 1:30 ọ̀sán

Ọkọ mi ti ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn torí ọgbẹ́ inú, tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Oúnjẹ máa ń já láti ikùn wọ inú ìfun ní kíá. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ jù ni pé kì í mu omi pẹ̀lú oúnjẹ mọ́. Ó máa ń tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ kó tó mu ún. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn kó sọ fún dókítà rẹ̀, torí tiwọn le ju tiyín lọ.

Àlàájà_Òjóò | Ọjọ́ Rú, 9:02 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ààwẹ̀ ńkọ́? Èmi náà ní irú ẹ̀. Kì í ṣe mí nígbà tí mo bá ń gbààwẹ̀, ìgbà tí mo bá ṣínu ló máa ń dé, ní àárín àṣàmù, ìrun alẹ́ tí à ń kí lóṣù ààwẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Agodi | Ọjọ́ Rú, 9:40 alẹ́

Àlàájà, ohun tí ẹ fi ń ṣínu ni kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ mínírà, èso dídùn àti ògì oníṣúgà lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn odindi ọjọ́, a jẹ́ pé ṣúgà á fò sókè ju ti ìgbàkúùgbà lọ, wákàtí méjì sí i ni àṣàmù. Ẹ fi dàbínù kan àti omi ṣínu, kí ẹ kírun, kí ẹ wá jẹ àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹja, kí àmàlà kékeré wá kẹ́yìn. Ní sààrì, kí ẹ̀wà wà nínú ohun tí ẹ ń jẹ. Àmọ́ ẹni tó bá ń ṣe *nígbà tó ń gbààwẹ̀ lọ́wọ́*, kó ṣínu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó sì lọ rí dókítà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Àlàájà_Òjóò | Ọjọ́ Rú, 9:51 alẹ́

Jazakallahu khayran. Lóòótọ́ ni, mínírà tútù ni mo fi ń ṣínu.

Aránṣọ_Mọ́kọlá | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:33 alẹ́

Ẹ̀yin ará, mo ti rí i mú!

Lánàá, mo jẹ ẹ̀bà àti ilá ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi dì mí mú, ó di kẹ́míìsì tó wà ní òdì kejì títì. Wọ́n gún mi níka: 51. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ rò pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló bàjẹ́, ó tún gún òmíràn: 53. Mo jẹ kóró ṣúgà mẹ́rin tí mo dì sínú báàgì láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó di 84. Mo wá jẹ ẹ̀pà. Kò padà wá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó kéré tán, ó ti tó oṣù márùn-ún tí ìrọ̀lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi.

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà. Lọ́jọ́ Ajé, màá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi.

Tíṣà_Àpátá | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:00 alẹ́

Ẹ kú orí ire! Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé síwájú wọn kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Tí ẹ bá kàn ní "ó máa ń rẹ̀ mí", ibà ni wọ́n á tún kọ.

Nọ́ọ̀sì_Agodi | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:26 alẹ́

Inú mi dùn púpọ̀. Ẹ̀rọ orí ìka lè fi díẹ̀ ṣìnà, torí náà wọ́n lè ní kí ẹ wá jẹ oúnjẹ kan lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ yín láti apá ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, títí tó fi máa tó wákàtí márùn-ún. Ẹ fara dà á. Tí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní omi gúlúkóòsì dípò oúnjẹ, ẹ rọra béèrè bóyá wọ́n lè lo oúnjẹ. Omi yẹn lè já ṣúgà àwọn kan tí nǹkan kan kò ṣe pàápàá wálẹ̀. Tó bá jẹ́ SS ni jínótáìpù yín, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó ka HbA1c, torí kì í sọ òótọ́ fún àwọn SS.

Aránṣọ_Mọ́kọlá | lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Ọjọ́bọ̀, 8:45 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin olóore mi. AA ni mí. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò oúnjẹ náà. Ní wákàtí mẹ́ta, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ apá mi jẹ́ 50, mo sì ń gbọ̀n níwájú wọn, ni wọ́n bá dá a dúró, wọ́n fún mi ní nǹkan jẹ. HbA1c mi jẹ́ 5.9. Dókítà ní ọ̀rọ̀ mi jọ ti Tíṣà gan-an. Kò sí oògùn. Kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Èyí ni bí mo ṣe ń jẹun báyìí. Ẹ̀kọ tútù kan àti mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin láàárọ̀. Aago mẹ́wàá, ẹ̀pà. Ọ̀sán, mo máa ń gbé abọ́ láti ilé: ẹ̀fọ́ àti ẹja ṣàwá, kí n tó mú òkèlè kékeré. Ìrẹsì tó bá máa jẹ́, ọ̀fadà ni, ẹ̀wà á sì pọ̀ jù ú lọ nínú abọ́. Aago mẹ́rin, ẹyin tàbí wàrà. Mínírà kò wọ ẹnu mi láti ọjọ́ yẹn, àfi kóró ṣúgà mẹ́rin tó wà nínú báàgì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣe mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìkan jẹ́ ọjọ́ tí iná lọ tí mo ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ láti bá aṣọ ìyàwó kan kúrò nílẹ̀, mo gbàgbé láti jẹun. Ìkejì jẹ́ ọjọ́ tí mo jẹ búrẹ́dì gbígbóná nìkan, ó ń ta sánsán ni.

Màámi ni kí n sọ. Wọ́n bínú nígbà tí mo ní n kò lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Mo mú wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n rí iye tó ń wálẹ̀ lórí ìwé, wọ́n rí ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n, wọ́n rí i tó tún balẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n fi ẹja síwájú mi, wọ́n ní, "Jẹ ìyẹn ná." Ìyá tó máa ń fi ìdí ìgbákọ kàn mí lórí torí ẹran!

Ìbéèrè kan ló kù. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, a ní ìnáwó ní Ring Road, èmi ni mo rán aṣọ ẹbí. Ìrẹsì àti mínírà ló máa pọ̀, wọn kì í sì tètè gbé oúnjẹ. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Tíṣà_Àpátá | Ọjọ́bọ̀, 9:10 alẹ́

Ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ̀wà ni kó jẹ́. Ẹ di ẹ̀pà sínú pọ́ọ̀sì. Níbẹ̀, ẹ bẹ àwọn tó ń gbé oúnjẹ pé mọ́ínmọ́ín àti ẹran ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún yín, ìrẹsì ìdajì abọ́ tó bá yá. Omi ni kí ẹ mu. Tí ìlù bá dùn, ẹ dìde kí ẹ jó lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń ṣiṣẹ́ bíi pápá iléèwé mi.

Alákàrà_Bódìjà | Ọjọ́ Ẹtì, 5:02 ìdájí

Àǹtí, ẹ yà lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Màá ti fi mọ́ínmọ́ín mẹ́ta pamọ́ fún yín, ẹlẹ́ja ni. Ẹ má sanwó.

Aránṣọ_Mọ́kọlá | Ọjọ́ Ẹtì, 6:20 àárọ̀

Ìyá alákàrà, ẹ ṣeun. Mò ń bọ̀ ní aago méje.